Nọ́ọ̀tì Kan

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án
nígbà tí Tísà Ṣùáíbù ti máṣíìnì rẹ̀ dé ìsọ̀ mi.
Ó fi àkísà nu àga rẹ̀ kó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́,
bí ẹni ń fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́.
"Òun ni mo fẹ́ gùn dé Mẹ́kà."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti tún ọkadà ṣe fún ẹni tó ń ná Àkúrẹ́ lójoojúmọ́,
fún ọmọkùnrin kan tó ní Kotonú lòun ń lọ,
tí kò kọjá Iléṣà.
Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta
tí orúnkún òsì ń dùn lásìkò òjò,
kó gun irin la ilẹ̀ Haúsá já,
kó wọ Nìjẹ̀, kó wọ Ṣáàdì, kó dé etí Òkun Pupa!
Èmi Adélúsì, ọmọ ìjọ Àńgílíkà,
n kò mọ àdúrà tí wọ́n ń gbà sórí ẹ́ńjìnnì.

Nítorí náà mo tú u.
Mo tẹ́ ẹ sórí páálí bí ẹni sá èlùbọ́:
ṣéènì, kábúrétọ̀, wáyà kílọ́ọ̀ṣì.
Ẹrẹ̀ pupa ọdún mọ́kànlá ló jáde lára rẹ̀.
Àjákù ṣọ́ọ̀kì kan bọ́ lábẹ́ àga.
Mo fi sápò.

Máàpù iléèwé ló fi ń wo ọ̀nà,
èyí tí orílẹ̀-èdè méjì ti pa orúkọ dà lórí rẹ̀.
Ó fi ìka wọ̀n ọ́n fún mi:
láti Ẹ̀fọ̀n dé Kánò, ìka kan péré.
Ìka mẹ́sàn-án ló kù.
Ìlú mẹ́ta ti fún un ní físà, ọ̀kan ò tí ì fèsì.
Rédíò ní ìbọn ń dún lápá ibẹ̀.
Ó yí rédíò sí ibòmíràn.

Ẹsẹ̀ ni bàbá rẹ̀ àgbà fi rin ọ̀nà yìí.
Lọ́dún kẹta, lẹ́tà dé láti Súdáànì
pé òun ti ní oko, òun ti ní aya.
Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí lẹ́tà mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò gbàgbé lẹ́tà náà.
Ó ń di èlùbọ́ sínú ọ̀rá, ó ń ta á ní kókó méjì méjì:
"Jẹ èyí tán, kóo padà wá jẹ iyán ní ulé.
Wọn kì í di iyán rìnrìn-àjò."

Ní kíláàsì kẹrin, ọkùnrin yìí nà mí nítorí ìṣirò.
Nísinsìnyí ó jókòó sórí àpótí mi,
ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ túúbù.
Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jù.
Ọ̀sán ló tú táyà, ilẹ̀ ṣú kó tó dì í.
Mo ní, "Tún un tú."
Tísà mi tún un tú.

Lọ́jọ́ keje a di àpò sìmẹ́ǹtì méjì sẹ́yìn rẹ̀,
a sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà Ìwàràjà, a ní kó gun òkè padà.
Ní kọ́nà kẹta ó wúkọ́.
Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. A tún sọ̀ kalẹ̀.
Ó gùn ún, ó ń kùn bí agbọ́n inú agolo,
òkè Ẹ̀fọ̀n sì gba ohùn náà, ó dá a padà fún wa.
Tísà pa ojú dé. Mi ò bi í pé kí ló ń rí.

Lóru ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo dá wà nínú ìsọ̀.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi eyín dì í mú,
mo tú nọ́ọ̀tì kan lára ọkadà tèmi,
èyí tí kò tíì kọjá Òṣogbo rí,
mo fi dípò ọ̀kan lára ti Tísà,
lábẹ́, níbi tí ojú kò lè tó.
Mo fún un le.

Tèmi ń jò díẹ̀ láti àárọ̀ yẹn.
N kò tíì tún un ṣe.